Kí Abọ́ Tó Wọ Iná

Lẹ́tà méjì ló dé sọ́wọ́ Sùlíyá láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, àmọ́ ọ̀kan péré ló kà sí etígbọ̀ọ́ bàbá rẹ̀. Èkejì, ńṣe ló ká a kéékèèké, ó fi í sínú àpò tí Kùránì rẹ̀ wà, ó sì so okùn àpò náà ní kókó méjì. Ẹ má tíì sọ pé ọmọ burúkú ni. Ẹ jẹ́ ká rọra tú ọ̀rọ̀ náà, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Èyí tó kà síta, yunifásítì ńlá ló ti wá, èyí tí àwọn ará Agége máa ń dárúkọ bíi pé wọ́n ń dárúkọ Mẹ́kà. Wọ́n ní kí Sùlíyá Làsísì wá kọ́ṣẹ́ dókítà. Làsísì bàbá rẹ̀ ka Kùránì yanjú, ṣùgbọ́n kò mọ ìwé òyìnbó kà, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kó ka lẹ́tà náà fún òun. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé oníyàrá méjìlá tí wọ́n ń gbé ní Ọ̀rílẹ̀ Agége, ó kéde fún gbogbo àwọn ayálégbé pé dókítà ti dé. Kó tó di ìrun mọ̀ngàríbì, kò sí ẹni tó pe ọmọ náà ní Sùlíyá mọ́. Ìyá Ameenat tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn tiẹ̀ na ẹsẹ̀ síta, ó ní kó bá òun wo eékún òun tó ń ro òun.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ó wo eékún.

Lẹ́tà inú àpò Kùránì ńkọ́? Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà ló ti wá, lọ́nà Òkè-Ògùn lọ́hùn-ún. Sùlíyá ti lọ síbẹ̀ lóṣù méjì sẹ́yìn kí wọ́n lè rí i kí wọ́n tó gbà á, ó sì purọ́ nílé pé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá òun lòun ń lọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò ní ògiri. Ewúrẹ́ ń gba àárín kíláàsì kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ ogún ló wà nínú kíláàsì tó kún jù, tíṣà sì mọ orúkọ gbogbo wọn àti ìlú tí kálukú ti wá. Bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró ló gbà á lálejò. Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké kan lábẹ́ igi máńgòrò, ó ní, "Kọ́ wọn ní ohun tó bá wù ẹ́." Sùlíyá ra ọsàn mẹ́rin lọ́wọ́ ọlọ́sàn tó ń kọjá, ó fi kọ́ wọn ní ìlàjì àti ìdá mẹ́rin. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, wọ́n jẹ ẹ̀kọ́ náà tán pátápátá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà. Nínú yàrá àlejò tí wọ́n fi í wọ̀ sí, ó sùn títí oòrùn fi ràn sí i lójú. Kò rántí ìgbà tó ti sùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó ti tó ọdún méjì, láti ìgbà tí Muhydeen ti padà wálé.

Ọ̀rọ̀ Muhydeen la fẹ́ sọ yìí o, ẹ fara balẹ̀.

Muhydeen ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àkọ́bí Làsísì. Yunifásítì ńlá yìí kan náà lòun náà lọ, kó lè di ẹnjiníà. Orí rẹ̀ pé bí orí ṣe ń pé, ṣùgbọ́n orí pípé nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń gbé ibẹ̀. Gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ fún ọgọ́rùn-ún èèyàn, ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Ojú fèrèsé níta ni Muhydeen ti ń dúró kọ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Àwọn ológun á ti ilé ẹ̀kọ́ pa, wọ́n á tún ṣí i, iṣẹ́ odindi ọdún kan á wá di iṣẹ́ oṣù méjì, ìdánwò á sì dé. Ẹni tó bá kùnà, wọ́n á lẹ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ ògiri kí tọmọdé tàgbà kà á. Ó ní òun kì í sùn. Ó ní bí òun bá ti dijú, nọ́ńbà òun lòun ń rí. Lọ́dún kẹta, ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì mú un wálé bí ẹni ń mú afọ́jú, wọ́n gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, wọn ò lè wo ojú ìyá rẹ̀.

Kì í ṣe pé ó ya wèrè o, ẹ má jẹ́ kí ẹnu yín yá. Ó ń gbálẹ̀, ó ń pọnmi, ó ń kírun. Àmọ́ kì í kàwé mọ́. Bébà tí wọ́n fi di ẹ̀pà pàápàá, á yí ojú ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí dà sísàlẹ̀ kó tó jẹ ẹ̀pà náà. Kì í sì í jẹun níta. Ìdí tí kì í fi í jẹun níta gan-an ló gbé wa débí.

Iṣẹ́ tánganran ni bàbá wọn ń ṣe, ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà tí wọ́n ti ń fi páànù ṣe abọ́ àti ife funfun, àwọn tó máa ń ní ìlà búlúù létí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà lẹ́nu iléru. Òun ló ń ti abọ́ wọ iná, òun náà ló ń fà á jáde. Suara, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń fín orúkọ sínú abọ́. Páànù pẹlẹbẹ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti gbẹ́ lẹ́tà lára rẹ̀. Á gbé e sí ìsàlẹ̀ abọ́ nínú, á fín ọ̀dà búlúù lé e lórí, á yọ páànù kúrò, orúkọ á sì jókòó síbẹ̀. Ọ̀dà yìí, kó tó wọ iná, bí àtíkè ló rí, ìka lásán lè nù ún. Bó bá ti wọ iná tó jáde, ó parí. Kànrìnkàn kankan ò lè nù ún kúrò mọ́, àfi kí abọ́ fúnra rẹ̀ dípẹtà.

Àwọn òṣìṣẹ́ tánganran ní àṣà kan. Ẹni tí oríire bá bá, wọ́n á fín orúkọ rẹ̀ sínú abọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì gbé abọ́ àkọ́kọ́ dé ẹnu iná, kí oríire náà lè gbó bíi tánganran. Nígbà tí Muhydeen wọ yunifásítì, ọgọ́ta abọ́ ni Làsísì ṣe: Ẹnjiníà Muhydeen. Ó pín in yí gbogbo ẹgbẹ́ àsàláátù rẹ̀ ká. Ẹnjiníà tí kò tíì lo ọjọ́ kan ní kíláàsì. Ọmọ padà wálé lọ́dún kẹta, abọ́ kò padà. Káàkiri Ọ̀rílẹ̀ Agége, inú Ẹnjiníà ni wọ́n ti ń ṣan ìrẹsì, inú Ẹnjiníà ni wọ́n ti ń rẹ gààrí. Níbi ìkómọ kan, wọ́n gbé oúnjẹ sààráà fún Muhydeen, ó jẹ ìrẹsì náà dé ìsàlẹ̀, ó bá ara rẹ̀ pàdé níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹun lóde mọ́.

Àbí ẹ rò pé Làsísì á kọ́gbọ́n? Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Làsísì wo ẹ̀yìn, ọ̀tá nìkan ló rí níbẹ̀. Ó ní aráyé ló ṣe ọmọ òun. Nígbà tí lẹ́tà Sùlíyá sì dé, ó ní Ọlọ́run ti dójú tì wọ́n.

Ọdún 1991 nìyí, ọdún karùn-ún tí Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ náírà di yẹpẹrẹ, ti wọ̀lú. Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ṣe tánganran, òkè òkun ló ti ń wá, apá ilé-iṣẹ́ náà kò sì ká a mọ́. Ọ̀gá pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò pa iléru, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀. Ó wá yọ̀ǹda fún àwọn àgbà iṣẹ́ pé kí wọ́n fi iná ìkẹyìn ṣe ohun tó bá wù wọ́n. Làsísì kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọgọ́ta abọ́: Dókítà Sùlíyá.

"Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wàá wá gbé àkọ́kọ́ wọ iná," ló sọ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ni Sùlíyá wí. Ó wọ yàrá lọ, ó jókòó sórí ẹní. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Bí abọ́ yẹn bá fi lè wọ iná kó tó la ẹnu, kò ní lè là á mọ́. Yóò lọ sí ibi tó gba oorun lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì ní í lè padà wálé, nítorí ọgọ́ta ilé ni orúkọ yẹn yóò ti máa dúró dè é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kọ́kọ́ gbìyànjú lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Fàúsát jókòó sẹ́yìn ilé, ó ń gé ọṣẹ tí yóò gbé lọ tà ní Dọ̀pẹ̀mú. Sùlíyá tú okùn àpò Kùránì, ó fi lẹ́tà kejì hàn án, ó sọ gbogbo rẹ̀ títí dórí ọsàn mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ ń gbọ́, ó ń gé ọṣẹ lọ.

"Mo mọ̀ pé o ò dé ọ̀dọ̀ màmá mi nígbà yẹn," ló wí. "Màmá mi kì í jẹ́ kí ọmọ tọ̀dọ̀ òun bọ̀ lọ́wọ́ òfo, ìwọ sì wálé láìmú horo ẹ̀wà kan dání."

"Ẹ bá mi sọ fún Bàbá, Màámi."

"Kí n sọ kí ni? Tó bá di Jímọ̀, ọkọ mi ò níṣẹ́ mọ́. Àkọ́bí ẹ̀ nìyẹn, ó tún ń gbá ilẹ̀ tó ti gbá láàárọ̀. Ìwọ nìkan ló kù tó ń rí sọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Èmi ni kí n wá gba ìyẹn náà lẹ́nu ẹ̀?" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Iṣẹ́ tíṣà dáa, Sùlíyá. Bó bá jẹ́ tèmi ni, máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ́ ni bàbá ẹ ti máa gbọ́ ọ. Lọ so àpò ẹ."

Ó lọ so àpò rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, ó bá Muhydeen nídìí kànga. Muhydeen yìí kì í sọ ju gbólóhùn méjì lọ lóòjọ́, àmọ́ òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bùọ̀dá."

Muhydeen fa okùn títí omi fi gòkè. "Nígbà tèmi, mo ti mọ̀," ló wí. "Mo ti lọ wo ibẹ̀, mo ti rí àwọn tó ń dúró lójú fèrèsé. Àyà mi ti já. Abọ́ wà lọ́wọ́ mi lẹ́nu iná. Mo ní kí n fi àtàǹpàkò nu Ẹnjiníà yẹn kúrò, kó ku Muhydeen. Mo wo ojú Bàbá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé e fún wọn." Ó da omi sínú kẹ́ẹ̀gì, kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan dà sílẹ̀. "Ọdún àkọ́kọ́ ni mo ti fẹ́ padà wálé. Mo di ẹrù. Mo dé gáréèjì. Mo wá rántí àwọn abọ́ yẹn, mo padà sẹ́yìn."

Sùlíyá bá a gbé kẹ́ẹ̀gì kan wọlé. Òun tó ń fi gbogbo ọdún méjì bẹ̀rù pé yunifásítì ló ba ẹ̀gbọ́n òun jẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé ilé ló tì í mọ́ ibẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni Sùlíyá kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí ẹnikẹ́ni tó jí. Ó ti fi gbogbo òru to ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Bàbá, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ."

"Èmi náà ní ọ̀kan," ni Làsísì wí. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ojú àpá iná kún ọwọ́ rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, àwọn kan ti dúdú, àwọn kan ṣì pupa. "Wò ó. Ọdún mọ́kàndínlógún. Nígbà tí ọ̀gá ní ká máa lọ sílé, Suara sunkún. Àgbàlagbà ń sunkún níṣojú àwọn ọmọ iṣẹ́ kéékèèké. Èmi ò sunkún. Ṣé o mọ ìdí? Mo ní, èmi ní dókítà nílé." Ó fa apá aṣọ sílẹ̀. "Ó yá, kí ni ọ̀rọ̀ tìẹ?"

Ẹ bá mi wo ọ̀ràn. Ta ló lè sọ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn?

"Mo ní ẹ kú iṣẹ́ ni, Bàbá," ni Sùlíyá wí. "Ọdún mọ́kàndínlógún kì í ṣe eré."

Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó sunkún, inú sì ń bí i bó ṣe ń sunkún. Ó bínú sí ara rẹ̀, ó bínú sí bàbá rẹ̀. Èyí tó dùn ún jù níbẹ̀ ni pé ó fẹ́ràn bàbá náà gan-an. Bó bá jẹ́ bàbá burúkú ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán látọjọ́ Ajé.

Jímọ̀ pé. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Sùlíyá wọ géètì ilé-iṣẹ́ náà ní Ìkẹjà, ìbòrí funfun lórí. Àwọn ẹ̀rọ tó ń tẹ páànù ti dákẹ́ láti òwúrọ̀, iléru nìkan ló ṣì ń hó. Ooru rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá èèyàn láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù dúró yí ká, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tó fẹ́ fi iná ìkẹyìn ṣe. Ọ̀kan gbé ìkòkò irin ìyàwó rẹ̀ tó ti kú dání, ó ní òun kàn fẹ́ kó funfun. Suara ti to ọgọ́ta abọ́ sórí pákó, orúkọ búlúù sì wà nínú gbogbo wọn.

"Dókítà, rọra o," ni Suara wí bó ṣe gbé àkọ́kọ́ lé e lọ́wọ́. "Etí ni kó o dì mú. Bí ọwọ́ bá kan inú ẹ̀, ó ti bà jẹ́ nìyẹn."

Làsísì dúró lẹ́nu iná pẹ̀lú irin gígùn tó fi ń ti abọ́. Òógùn bo ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bísímílláì," ló wí. "Gbé e wá."

Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ni láti ibi pákó dé ẹnu iléru. Ní ìgbésẹ̀ kẹfà, Sùlíyá dúró. Ó wo inú abọ́ náà. Ó ti àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ bọ inú rẹ̀, ó fi sórí lẹ́tà àkọ́kọ́ Dókítà, ó tẹ̀ ẹ́, ó fà á títí dé lẹ́tà tó kẹ́yìn, ó wá gbé ọwọ́ kúrò. Kò yára, kò sì fi falẹ̀. Dókítà ti lọ, ó ku Sùlíyá. Kò sí ohun tó tíì ṣe láyé rẹ̀ tó dá a lójú tó bẹ́ẹ̀. Ó rìn dé iwájú bàbá rẹ̀, ó na abọ́ náà sí i kó lè rí i dáadáa, ó ń dúró de ìbínú. Ó ti ṣe tán fún ìbínú. Bí ìbínú bá ti dé, ọ̀rọ̀ á jáde fúnra rẹ̀.

Làsísì wo inú abọ́. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀.

"Ọwọ́ ẹ gbọ̀n," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ooru iná yìí ni. Ó máa ń ṣe gbogbo wọn bẹ́ẹ̀. Kò burú, ọmọ mi, kò burú rárá."

"Mo sọ fún un," ni Suara ń wí lẹ́yìn. "Mo ní etí ni kó dì mú."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìkà nínú, wọ́n ní ẹ̀rù ba dókítà. Sùlíyá ti ń retí ìbínú, ó ti ń retí ẹ̀bẹ̀, ó tiẹ̀ ti ń retí ìgbátí. Kò retí àánú. Bàbá rẹ̀ gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tò ó mọ́ àwọn yòókù nítorí pé iná kì í dúró de èèyàn, ó sì fi irin gígùn tì wọ́n wọlé. Ogún, ogún tún tẹ̀ lé e, ogún tún tẹ̀ lé e. Sùlíyá dúró síbẹ̀, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń pọ́n tí wọ́n ń tutù padà. Ó fi àtàǹpàkò búlúù pamọ́ sábẹ́ ìbòrí. Nígbà tí wọ́n pa iléru, Làsísì gbá a mọ́ra níṣojú gbogbo wọn, ohun tí kò ṣe rí.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n pín in níbi àsàláátù. Ààfáà ṣàdúà, ó ní iṣẹ́ dókítà náà yóò yọrí sí rere, gbogbo ẹnu ṣe ààmín. Sùlíyá ló ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá gbà á á fi ọwọ́ lé e lórí. Ìyá Ameenat gba méjì. Lójú Sùlíyá, ó dà bí ẹni pé òun ń bá wọn lọ́ okùn tí wọ́n fẹ́ fi so òun fúnra òun. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta ló jáde. Ẹyọ kan tó kù, èyí tí ọwọ́ bà jẹ́, Làsísì kò jẹ́ kí wọ́n fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kò yẹ kéèyàn fi ohun tó lábùkù tọrẹ. Kí wọ́n gbé e lọ sílé, wọ́n lè máa fi ṣan ìrẹsì.

Bẹ́ẹ̀ ni abọ́ náà ṣe dé ilé, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Fàúsát ṣe bu ẹ̀wà sínú rẹ̀ fún Muhydeen lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, láìrò nǹkan kan sí i.

Muhydeen jókòó sí ìdí ògiri, ó ń jẹun. Sùlíyá wà lórí ẹní, ó ń to aṣọ sínú àpótí nítorí yunifásítì ti dá ọjọ́ tí wọn yóò wọlé. Bàbá wọn fẹ̀yìn ti àga, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó ti ń tòògbé. Muhydeen jẹ ẹ̀wà náà dé ìsàlẹ̀. Ó dúró. Ó fi ìka gbá ẹ̀wà tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú sókè, nígbà tó sì gbé e sókè, ọwọ́ Sùlíyá ló wò, àtàǹpàkò ọ̀tún tí búlúù kò tíì tán ní igun èékánná rẹ̀.

Ó dìde, ó gbé abọ́ náà dání, ó lọ dúró níwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wo abọ́ yìí."

Làsísì lajú. "Mo ti wò ó. Ọwọ́ àbúrò ẹ ló gbọ̀n."

"Ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n."

Fàúsát tó ń fọ ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà dá ọwọ́ dúró.

"Ẹ wò ó dáadáa," ni Muhydeen wí. "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n, ọ̀dà á fọ́n ká ni. Ibí yìí ló ti bẹ̀rẹ̀, ibí yìí ló parí sí, kò fara kan orúkọ rẹ̀ rárá. Ẹ̀yin lẹ niṣẹ́ yín, Bàbá, ẹ mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Ó mọ̀ọ́mọ̀ nù ún ni." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Èmi náà, ó yẹ kí n ti nu tèmi."

Ọ̀rọ̀ tí Muhydeen kò sọ létí bàbá rẹ̀ láti ọdún méjì nìyẹn. Làsísì gba abọ́ náà. Ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, bó ṣe fi ọdún mọ́kàndínlógún yí abọ́ wá àbùkù. Ó wá fi àtàǹpàkò tirẹ̀ lé orí ibi tí búlúù ti ràn bí ìlà, ó rọra fà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọwọ́ tirẹ̀ ló ń gbọ̀n.

"Sùlíyá. Ṣé òótọ́ ni?"

Sùlíyá kúnlẹ̀ síbi tó wà. "Òótọ́ ni, Bàbá. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n."

"Mo ti pín in," ni Làsísì wí. Kò bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ilé ti jó. "Mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Mo ti pín in tán. Iná ti kú."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Ó tú okùn àpò Kùránì, kókó àkọ́kọ́, kókó kejì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà náà fún bàbá rẹ̀. Làsísì ṣí i, ó wo àwọn lẹ́tà tí kò lè kà, ojú rẹ̀ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bíi pé yóò rí nǹkan kan tó mọ̀ níbẹ̀. Kò wo Sùlíyá. Ó na bébà náà sí àkọ́bí rẹ̀.

"Kà á fún mi," ló wí.

Muhydeen gba bébà náà. Kò yí ojú rẹ̀ dà sísàlẹ̀. Ó wò ó títí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń dá ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ lẹ́yìn àìsàn.

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá Ameenat ń pè. "Dókítà o. Dókítà, jọ̀ọ́ bá mi wo eékún yìí, ó tún ti dé."

Muhydeen ń kà á lọ, Làsísì sì ń gbọ́.